Àkekèé Ilé Màmá ní Kudai

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Épírì 2016

Màmá Kudai ti di oní-WhatsApp. Salih ọmọ rẹ̀ ló ra fóònù fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù náà kò sì tíì sinmi láti ìgbà náà. Láàárọ̀ òní nìkan: fọ́tò àjà ilé, fọ́tò àtàǹpàkò ara rẹ̀, fọ́tò ìkòkò tó ń hó lórí iná. Lẹ́yìn náà ni èyí tó mú mi jókòó dáadáa – àkekèé kan lórí síméǹtì, ṣíbí ìjẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ohùn rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ní ṣebí èmi ni mo ń kọ́ ọmọ àwọn olówó ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Jeddah, kí n sọ orúkọ eléyìí fún òun.

Mo ní kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nítòsí rẹ̀. Ó ní òun ti gbá a síta.

Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti wà níbí. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí ní Kudai, ní Mẹ́kà, kò ju ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú mọ́tò, mi ò sì tíì fojú kàn án rí, nítorí Kristẹni kì í wọ Mẹ́kà. Òun ló máa ń wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí Salih bá rí àyè gbé e wá. Nínú gbogbo àwọn tí ìyá ìyá mi bí, òun nìkan ló kù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Àkekèé náà: ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó sì fẹ̀, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín. Mo ti sọ ọ́ ní Alápá-ńlá. Ìwé ní oró rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti agbọ́n lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Épírì

Fọ́tò mìíràn. Àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá ló hàn, àkekèé kò hàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Épírì

Salih ya ọ̀dọ̀ wa láti ọ́fíìsì kágò rẹ̀ ní Al-Baghdadiyah, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí. Ó ní àwọn aqrab – bó ṣe ń pe àkekèé nìyẹn – ti pọ̀ jù nínú ilé ìyá òun. Ilé àtijọ́ ni, ẹsẹ̀ òkè ló wà, ògiri rẹ̀ sì ti sán káàkiri. Òkìtì pákó tún wà lẹ́yìnkùlé. Káfíńtà ni Bàbá, ọkọ Màmá, òun ló fi pákó náà sílẹ̀ nígbà tó kú, Màmá kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀kan nínú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, wàláhì, ó ti rẹ̀ mí," ni Salih wí. "Mo ti tọ́jú yàrá fún un nílé mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Tó bá jẹ́ èyí tó ń pani ni, khalas, ó parí, màá kó ẹrù rẹ̀ wá sí Jeddah kí Ramadan tó wọlé. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá fi í sílẹ̀ kó máa gbádùn ara rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di tèmi nìyẹn.

Mo fẹ́ kí Màmá wá. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Ilé Salih kò jìnnà sí wa, mo lè máa rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa bá mi wí pé mo ti rù jù. Nígbà tí Salih ń ro ẹjọ́ àkekèé, inú mi ń dùn. Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ìyẹn fún.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Épírì

Àwọn ará ìjọ ti lọ lẹ́yìn àdúrà ilé, Lois ìyàwó mi ń kó ife. Mo ṣí ìwé. Ohun tí mo rí kọ́ kò ṣòro: má wo àwọ̀, má wo títóbi. Wo ẹ̀mú, wo ìrù. Ẹ̀mú ńlá, ìrù tín-ín-rín – ẹ̀mú ló fi ń jẹun, kò nílò oró púpọ̀. Ẹ̀mú tín-ín-rín, ìrù tó sanra – sá. Lois ní òun mọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ òun.

Mo ra tọ́ọ̀ṣì kan tí iná rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò, mo fi rán Salih sí Màmá. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí a tan án sí àkekèé, gbogbo ara rẹ̀ á máa dán bí ewé tútù. Ó sàn kó máa fi ìyẹn wá wọn ju kó máa fi ọwọ́ lásán tú abẹ́ nǹkan.

Ọjọ́ Ajé, 18 Épírì

Màmá ti sọ tọ́ọ̀ṣì di eré. Gbàrà tó bá ti kírun Maghrib tán, òun àti Fawziyya aládùúgbò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé po. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì nínú ohùn tó fi ránṣẹ́. Fawziyya ń sọ Lárúbáwá, Màmá ń sọ Yorùbá, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Màmá ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gbá wọn síta, òun kò mọ̀ pé wọ́n ní aṣọ òde.

Fọ́tò tòní: kékeré kan, pupa rúsúrúsú, ẹ̀mú rẹ̀ tín-ín-rín. Irú kan wà tó pupa báyìí tó burú gidigidi, àmì dúdú sì máa ń wà lórí oríkèé ìrù rẹ̀, lápá ibi oró. Mo fẹ fọ́tò náà títí ojú fi ń ro mí. Mo wá àmì dúdú yẹn tọkàntọkàn, bí ẹni pé mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Kò sí. Irú èyí tí kò ju ìka lọ ni, tí oró rẹ̀ kò le.

Ọjọ́bọ̀, 21 Épírì

Mo sọ fún Salih pé nínú àwọn tí mo ti rí, kò sí èyí tó lè pa Màmá. Ó ní al-hamdulillah, ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá. Èmi náà ní a dúpẹ́. Lois ní ojú mi kò jọ ti ẹni tó ń dúpẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Épírì

Fọ́tò òní mọ́ kedere, Fawziyya ló yà á. Àkekèé dúdú, dúdú bí ìdí ìkòkò, lórí ọ̀kan nínú àwọn pákó Bàbá. Ohùn Màmá ń dùn bí ẹni tó rí ará ilé. Ó ní, "Àdìgún, wo tiwa. Àkekèé Ìkirè gan-an nìyí. Mi ò mọ̀ pé ó dé ilẹ̀ yìí."

Ó wá ń ròyìn oko kòkó bàbá wọn ní Ìkirè nílé. Àkekèé dúdú máa ń wà lábẹ́ òkìtì èèpo kòkó, òun àti ìyá mi á fi igi yí i po, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀kan ta òun lọ́wọ́ rí. Òun sunkún dọ̀sán, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ òun jẹ iyán. Kò pa ẹnikẹ́ni nílé wa, kí ló fẹ́ wá pa níbí?

Òótọ́ ló sọ. Èmi náà mọ ti Ìkirè. Ẹ̀mú bíi ti akàn, ìrù bí okùn. Gbogbo wa la dàgbà pẹ̀lú ìmọ̀ pé dúdú ńlá yẹn ń dẹ́rù bani lásán ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú fọ́tò yìí – ẹ̀mú rẹ̀ tín-ín-rín. Ìrù rẹ̀ sanra láti ìdí títí dé ibi oró. Àwọ̀ nìkan ló fi jọ tiwa. Mo yẹ gbogbo ìwé tí mo ní wò kí n tó gbà. Onírù-ńlá ni, bí ìwé ṣe ń pè é.

Mo pè é. Mo ní kì í ṣe tiwa, pé èyí wà lára àwọn tó burú jù ní gbogbo agbègbè yìí, ó sì lè pa àgbàlagbà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tó máa ń rín tí ọmọdé bá ń parọ́ fún un. Ó ní, "Ọkọ mi, ó ti pẹ́ tí o ti ń wá ohun tí o máa fi fà mí kúrò níbí. Ti òní yìí dára, ó kù díẹ̀ kí n gbà."

Mo ti fi ẹ̀rọ amúlétutù bẹ̀ ẹ́ rí. Mo ti fi dókítà tó gbọ́ Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Mo ti fi ẹja Jeddah bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí òótọ́ wá dé ọwọ́ mi, òótọ́ náà jọ àwọn yòókù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Épírì

Salih pè. Màmá ti sọ fún un pé ọgbọ́n tí mo ń dá ni. Ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní ṣebí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ní kò sí wàhálà. Mo ní àkekèé mìíràn nìyẹn. Ó ní òun á bá ìyá òun sọ̀rọ̀, inshaallah – irú inshaallah tí kò ní ọjọ́ nínú.

Inú ń bí mi sí Màmá, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Olórí kunkun. Ìyá mi náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 28 Épírì

Fọ́tò ẹ̀bà. Kò sí àkekèé. Mo ní ẹ̀bà náà dùn ún wò.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Méè

Lois ló tú u palẹ̀ fún mi. Ó ní, "Bí o bá ṣì ń fi Jeddah kún un, Màmá kò ní gbọ́ ìyókù. Ṣé o fẹ́ kó wá ni, àbí o fẹ́ kó wà láàyè? Mú ọ̀kan, kí o fi ìyẹn bẹ̀ ẹ́."

Mo gba ohùn sílẹ̀ fún un. Mi ò dárúkọ Jeddah rárá. Mo ní kó jókòó sílé rẹ̀, mi ò tún ní bẹ̀ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kó máa wọ bàtà nínú ilé, kó máa gbọn aṣọ kó tó wọ̀ ọ́, kó má fọwọ́ gbé nǹkan tó ti pẹ́ nílẹ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n kó pákó yẹn dànù. Ó ní, "O ṣé, ọkọ mi." Ó ya fọ́tò bàtà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bàtà náà wà lórí àpótí, ó mọ́ tónítóní, kò sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Méè

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwé ni Fawziyya pè. Ó ń sáré sọ Lárúbáwá, Lárúbáwá tèmi kò sì ju ti ọjà lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ aqrab, mo sì gbọ́ aswad, dúdú. Màmá ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní Yorùbá: kí wọ́n má yọ mí lẹ́nu, òun ti fi àlùbọ́sà pa ojú ibẹ̀, tiwa ni, á rọlẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Pákó kan ló fẹ́ fà yọ láti fi ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ló ti ta á.

Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kí Fawziyya gbé e lọ sí mustashfa lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ẹnikẹ́ni, kó sì fi fọ́tò àkekèé dúdú tó yà lọ́jọ́sí han dókítà ilé ìwòsàn náà. Mo tún un sọ, mo tún un sọ, títí ó fi ní khalas, òun ti gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ló wa mọ́tò.

Salih gbéra láti Al-Baghdadiyah. Mo tẹ̀lé e nínú mọ́tò tèmi – mi ò mọ ohun tí mo rò pé mo ń lọ ṣe. Nígbà tí a súnmọ́ Shumaisi, ibodè Mẹ́kà, pátákó yọ: Mùsùlùmí máa lọ tààrà, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí yà. Salih fi iná ẹ̀yìn mọ́tò ṣẹ́jú sí mi, ó kọjá lọ. Mo yà sí ilé epo tó wà ṣáájú ibodè, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Salih kọ ọ́ ránṣẹ́ pé Màmá ń bì, òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà wo fọ́tò náà, ó ní kí wọ́n lọ gbé abẹ́rẹ́ tó ń pa oró wá kíákíá. Lẹ́yìn ìyẹn Salih kò kọ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Jẹ́ kí n kọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn sílẹ̀. Bí Màmá bá kú, wọ́n á ti sin ín kí oòrùn ọ̀la tó ga, èmi á sì wà níbi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún méjì nìyẹn. Nígbà tí ìyá mi kú, mo wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi bu erùpẹ̀ sí i. Màmá Kudai nìkan ló kù láyé tó ń pè mí ní Àdìgún.

Ìgbà tí wọ́n pe ìrun Maghrib tán ni Salih tó pè. Ó ní àyà Màmá ti ń rọlẹ̀. Ọkùnrin onítáyà náà gbé omi fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 5 Méè

Ó jẹun. Ó ní ṣé èmi ti jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Méè

Wọ́n ti dá Màmá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Salih kò fẹ́ gbọ́ àlàyé mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ló ṣẹ, òun ni kò gbọ́, ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ òun á kó ẹrù ìyá òun wá sí Jeddah. Lois ti ra ẹja sílẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Màmá kò fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ láti ọjọ́rú. Mo kí i láàárọ̀, mo kí i nírọ̀lẹ́, ó ní "O ṣé," kò pè mí ní ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Méè

Àárọ̀ yìí ni Salih pè pé àwọn ti gbéra. Ṣùgbọ́n Màmá ní kí n wá pàdé òun lẹ́nu ibodè, òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ kí òun tó jìnnà sí Mẹ́kà. Lois ní kí n lọ, òun á ṣe ètò àdúrà ilé.

Wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n wà nínú ibòji ilé epo kan. Ẹrù kún ẹ̀yìn mọ́tò: ẹní, ìkòkò, àpótí onírin tó bá a wá láti Ìkirè. Màmá jókòó níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wú díẹ̀. Ó wọ bàtà. Ó tún wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde kí epo má ba ṣòkòtò mi jẹ́.

Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ fún mi, mo pè é ní ọgbọ́n. Má bínú sí mi." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tí a bá ní kí òun gbé lòun á gbé, Salih ti sọ pé ẹnu mi ló wà. Kò bẹ̀ mí pé kí n dá òun padà. Ó kàn yíjú, ó ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá.

Mo bi í léèrè ohun tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní àwọn arúgbó Ìkirè tó ń wá ṣe Umrah nínú Ramadan, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ń wọ̀ sí. Ta ló máa gbọ́ èdè wọn lọ́dún yìí? Lẹ́yìn náà ó ní, "Ibẹ̀ ni Bàbá sùn sí, Àdìgún. Ìdí tí a fi dúró nìyẹn. Ilẹ̀ yẹn ni àwa méjèèjì fẹ́ kó bò wá."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, tí ẹ bá kú síbẹ̀, mi ò ní lè débẹ̀."

Salih sọ̀kalẹ̀, ó lọ dúró sídìí táyà ẹ̀yìn. Màmá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ohun tó ń dùn ọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Kí ló dé tí o ń sọ̀rọ̀ ẹja fún mi?" Mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, lójú àwọn tó ń ra epo.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ, kí n gbé e lọ sílé. Yàrá ti wà nílẹ̀. Ẹja ti wà nílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé á bá mi lọ, kò ní bínú, kò sì ní jọ ara rẹ̀ mọ́.

Mo pe Salih. Mo ní kí wọ́n fi síméǹtì dí gbogbo ibi tí ògiri ti sán, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú gọ́tà, kí wọ́n kan rọ́bà sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Kí gbogbo pákó Bàbá kúrò. Màmá ní kí wọ́n kó o lónìí. Mo ní kó sùn lọ́dọ̀ Fawziyya títí iṣẹ́ á fi parí, lẹ́yìn náà kó wọlé rẹ̀. Salih ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú rárá, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá fi ọwọ́ tó wú yẹn nu ojú mi. Ó nawọ́ sí ọ̀nà Mẹ́kà. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́, wá síbí yìí. Kọjú sọ́hùn-ún, kí o pè mí bí o ṣe ń pè mí. Mo máa gbọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Salih yí mọ́tò padà, ìkòkò ń kọlu ara wọn lẹ́yìn. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kọjá ibodè.